Ẹran Ni Kí Ẹ Fi Kẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà fún Ará Èkó Tó Fẹ́ Máa Jẹ Ẹ̀fọ́ àti Ẹ̀wà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, mo kéde nílé pé èmi ò jẹ ẹran mọ́. Mo kó èyí tó wà nínú fíríìsà fún ará ilé kejì, mo sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bàrígà ni mò ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aago márùn-ún ìdájí ni mo sì máa ń jáde nílé. Ta ló fẹ́ já ẹ̀fọ́ ní irú àkókò yẹn? Búrẹ́dì àti bọ́tà ni mò ń jẹ láàárọ̀, bísíkíìtì àti mínírà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, Indomie ọ̀rá méjì lálẹ́. Lóòótọ́, ẹran ò sí níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, mo ti fi kílò mẹ́rin sanra, ẹ̀jẹ̀ mi sì ti ru dé 150/95. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n bi mí pé kí ni mò ń jẹ.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi kì í jẹ ẹran o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ̀mí, mi ò bi yín léèrè ohun tí ẹ kì í jẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹran ló kẹ́yìn. Oúnjẹ ojú ọ̀nà ni a ó kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà ọjà, lẹ́yìn náà ìkòkò ẹ̀wà, lẹ́yìn náà ìkòkò ọbẹ̀. Tí ìwọ̀nyí bá ti dúró, ẹran á fúnra rẹ̀ dín kù, ẹ ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá a jà. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin. Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe é.

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ lẹ́sẹẹsẹ fún wa tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu ó má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Gúgúrú ló kẹ́yìn, ìpanu ni. Lónìí ní Èkó, àwọn ohun kẹ́nu-má-dilẹ̀ ti di oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́.

Èwo gan-an ni oúnjẹ iléeṣẹ́?

Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lé lórí ló burú. Iṣẹ́ ló sọ gàárì di gàárì: a bó ẹ̀gẹ́, a rin ín, a jẹ́ kó kan, a fún omi rẹ̀ dànù, a yan án. Tí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀gẹ́ lè ṣe wá léṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni irú, bẹ́ẹ̀ náà ni ògì. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kí ẹ má jẹ ohunkóhun tí ọwọ́ ènìyàn ti yí padà, ẹ bi í bóyá ẹ̀gẹ́ tútù ló ń jẹ.

Carlos Monteiro, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Yunifásítì São Paulo ní ilẹ̀ Brazil, ló gbé ìlànà tí wọ́n ń pè ní NOVA kalẹ̀ ní ọdún 2009. Ọ̀nà mẹ́rin ló pín oúnjẹ sí. Ẹ jẹ́ ká fi àgbàdo wò ó. Àgbàdo sísè àti ògì wà ní ìpele kìn-ín-ní. Òróró tí wọ́n fún lára àgbàdo wà ní ìkejì, pẹ̀lú iyọ̀ àti ṣúgà, àwọn ohun tí a fi ń se nǹkan. Àgbàdo inú agolo tí wọ́n fi iyọ̀ sí wà ní ìkẹta. Ìkẹrin ni kọnfíléèsì aláwọ̀ mèremère tó ní ṣúgà, èròjà òórùn, èròjà àwọ̀, àti àwọn nǹkan mìíràn tí ẹ ò lè rí rà lọ́wọ́ ìyá aláta kankan. Ìpele kẹrin yìí ni mò ń pè ní oúnjẹ iléeṣẹ́ níhìn-ín.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ rèé. Ní ọdún 2019, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 20 sínú ilé ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ iléeṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí kò gba iléeṣẹ́ kọjá. Ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti pròtéènì inú oúnjẹ méjèèjì tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba, wọ́n sì ní kí wọ́n jẹ ìwọ̀n tó bá wù wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń jẹ ti iléeṣẹ́, wọ́n ń jẹ nǹkan bí kálórì 500 lé sí i lójúmọ́, wọ́n sì fi nǹkan bí kílò kan sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún ń yára jẹ ẹ́. Ẹni tó ti jẹ bísíkíìtì ọ̀rá kan tán kí bọ́ọ̀sì tó kúrò ní Ọwọ́rọ́ ò nílò ìwádìí kó tó mọ ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méje

Ẹ má tíì yí ohunkóhun padà. Ẹ sáà máa kọ gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín sínú fóònù, títí kan súwíìtì tí wọ́n fi dípò ṣéńjì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ohun tó jáde látinú ọ̀rá, páálí, agolo tàbí ike. Nínú ìwé tèmi, nǹkan 31 ni mo kọ, 19 ni mo fàlà sí. Ojú tì mí, mo sì wà nílé èmi nìkan.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá, ẹ má ka iwájú

Iwájú ọ̀rá, ìpolówó ni. Wọ́n á kọ ọ́ sára òróró gàdàgbà pé kò ní kọlẹ́sítíróò. Kò sí òróró ewéko kankan tó ní in tẹ́lẹ̀, ara ẹran àti ẹyin ni kọlẹ́sítíróò ti ń wá. Ẹ yí i padà.

Nínú àkójọ èròjà, ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ. Ẹ wo ẹ̀yìn Mágì tí ẹ ń lò: iyọ̀ ló sábà máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá "sodium". Ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀, iyọ̀ nìyẹn. Tí núdù ọ̀rá kan bá ní sodium mílígíráàmù 800, iyọ̀ gíráàmù 2 wà nínú rẹ̀, ọ̀rá méjì sì di 4. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, nǹkan bíi ṣíbí kékeré kan péré. Núdù alẹ́ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ò sì tíì ka ọbẹ̀ ọ̀sán mọ́ ọn.

Ti ṣúgà rọrùn. Tí ike mínírà bá sọ pé gíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 100, ike sẹ̀ńtílítà 50 ní gíráàmù 50, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí kékeré méjìlá. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lójúmọ́, gíráàmù 50 yìí ni òpin tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lé ṣúgà tí wọ́n bù sí oúnjẹ, wọ́n sì ní ó sàn kó má tó ìdajì rẹ̀. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó-orí náírà 10 lórí lítà mínírà kan. Mi ò tíì rí ẹnì kan l'Ójòta tó torí rẹ̀ gbé ike sílẹ̀.

Fún bọ́tà àti àwọn ìpanu díndín, tí ẹ bá ti rí "partially hydrogenated", ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ọ̀rá tí ń ba ọkàn jẹ́ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tún ojú ọ̀nà ṣe

Ojú ọ̀nà ni oúnjẹ wa ti ń bàjẹ́. Wákàtí méjì láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta nírọ̀lẹ́, àwọn ọlọ́jà sì ń sáré tẹ̀lé dáńfó. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìsẹ́ra. Ẹ jáde nílé pẹ̀lú ohun tó wà nínú ikùn, kí òmíràn sì wà nínú báàgì: omi ike kan, ẹ̀pà sísun díẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Ẹ̀pà yẹn ṣe pàtàkì, òun ni kì í jẹ́ kí ebi tètè padà.

Tí ẹ bá máa rà á lójú ọ̀nà náà, Èkó ò ṣe ahun. Bọ̀ọ̀lì wà, àgbàdo sísè àti àgbọn wà lásìkò òjò, àgbálùmọ̀ máa ń dé lásìkò ọyẹ́. Kúkúmbà, kárọ́ọ̀tì àti òfìò wà lórí ọmọlanke jákèjádò Ìdúmọ̀tà. Ẹ fi omi tiyín tún kúkúmbà fọ̀ o, korobá tí wọ́n ń rì í bọ̀ láti àárọ̀ kò ṣeé fọkàn tán.

Àkàrà àti ẹ̀kọ láàárọ̀ dára ju búrẹ́dì àti bọ́tà lọ fíìfíì, àmọ́ ẹ wo òróró inú agbada. Tó bá ti dúdú, tó sì ń hó kutukutu, ẹ kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń dín àkọ́dín. Ní ti búrẹ́dì, ẹ rántí pé ọdún 1921 ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tó bá iṣẹ́ rélùwéè wá, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta, tó sì sọ ọ́ di oúnjẹ gbogbo èèyàn níhìn-ín. Kì í ṣe ọ̀ràn-an-yàn pé òun ló gbọ́dọ̀ bá ẹ̀wà agànyìn rìn. Èmi máa ń fi ẹ̀wà náà jẹ ẹ̀kọ tàbí bọ̀ọ̀lì, mo sì máa ń sọ fún ìyá agànyìn l'Ọ́balendé pé kó bu ata fún mi kó jẹ́ kí epo rẹ̀ ro sílẹ̀ ná.

Ní bùkà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní kí wọ́n bá mi bu ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò àti ẹ̀fọ́, kí wọ́n má fi ẹran sí i, obìnrin náà gbé ìgbakọ dúró. "Àǹtí, ṣé àwẹ̀ lẹ ń gbà ni?" Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé omi ẹran ni wọ́n fi se ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ bùkà. Tí ìyẹn bá ká yín lára, ewédú àti gbẹ̀gìrì ló sàn jù láti béèrè, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè náà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjà

Èrò ọjà Ọ̀yìngbò kò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, nítorí náà ẹ má lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tó fún ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, èlùbọ́ àti irú. Ẹ̀fọ́ àti ata ni kí ẹ máa rà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ará Erékùṣù lè lọ sí Ẹ̀bútẹ́ Èrò. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀wà púpọ̀ kó lọ sí Dàlẹ́kò, ẹni tó bá fẹ́ pín agbọ̀n tòmátì pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò kó gba Mile 12 lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ẹ̀wà ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ léraléra nípa àwọn tó ń da òògùn kòkòrò sórí ẹ̀wà kó má baà di jíjẹ. Ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń ta èèyàn nímú, tí kòkòrò kankan ò sì sí nínú rẹ̀ láàárín òjò, ni mo ń sá fún. Nílé, ẹ dà á sínú ike tó ní ìdérí líle, ẹ fi ata gbígbẹ sí i, tàbí kí ẹ fi sínú fíríìsà fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó kó o pamọ́.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tí wọ́n fi kábáàdì pọ́n náà wà, NAFDAC ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn pẹ̀lú. Ẹ wo ọrùn ọ̀gẹ̀dẹ̀: ara rẹ̀ á pọ́n roro, ọrùn rẹ̀ á ṣì tutù yọ̀yọ̀, inú rẹ̀ á sì le. Epo pupa tó bá pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń kun ọwọ́ bí aró, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kí ẹ ní aláta kan, kí ẹ ní elépo kan, kí wọ́n mọ̀ yín lójú. Oníbàárà tí wọ́n mọ̀ kì í sábà kó ìdọ̀tí relé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dá yín lágara. Àwo ẹ̀fọ́ rírò kan, ọsàn méjì, ègé ìbẹ́pẹ kan, ó ti pé. Ẹ sì má máa ra ṣọkọ nìkan. Tẹ̀tẹ̀ wà, gbúre wà, ewúro, ẹ̀bòlò, ugwu, yánrin, ìgbá. Tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá rí i pé ẹ ń béèrè ẹ̀bòlò, á máa bá yín mú un wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìkòkò ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé

Tí ẹ bá máa ṣe ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe eléyìí. Àìsí ẹ̀wà nílé lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè ló ń gbé èèyàn padà sídìí Indomie.

Lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣa ẹ̀wà olóyin, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi púpọ̀. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ da omi náà nù. Inú omi yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tó ń fa inú wíwú wà, bí ẹ bá sì da omi àkọ́sè nù pẹ̀lú, ó tún fúyẹ́ sí i. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀wà ò bá àwọn lára mu, púpọ̀ nínú wọn ò tíì jẹ ẹ̀wà rírẹ rí. Rírẹ yìí náà ló ń dín gáàsì kù, ẹ kúkú mọ bí owó gáàsì ṣe rí l'Ékòó.

Ẹ sè é pẹ̀lú àlùbọ́sà nìkan títí tó fi máa rọ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i nígbà tó bá kù díẹ̀. Kó tutù, ẹ pín in sínú ike kéékèèké, kí ike kan jẹ́ ti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n wọ fíríìsà. Tí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò yín, ẹ sè é lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Ike kan lè di àdàlú pẹ̀lú àgbàdo lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Òmíràn á lọ bá ata díndín, òmíràn á lọ bá ìrẹsì, òmíràn á di ohun tí ẹ gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bíi pròtéènì gíráàmù 23. Ẹ̀pà ní nǹkan bíi 25, ẹ̀wà sóyà ní bíi 36, ẹyin kan ní 6. Ẹni tó wọn kílò 60 ò nílò ju nǹkan bí 50 lọ lójúmọ́. Torí náà ẹni tó bá bi yín pé níbo lẹ ti ń rí pròtéènì, ẹ ní kó lọ wo ìdí ìkòkò. Ẹ̀wà ní ibi tó kù sí, ọkà sì ní ibi tó kù sí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń dí ara wọn. Ìyẹn ni ìrẹsì àti ẹ̀wà, àkàrà àti ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ògì. Àwọn ìyá wa ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀.

Ní ti mọ́ínmọ́ín, mo bẹ̀ yín, ewé eéran ni kí ẹ fi pọ́n ọn, tàbí agolo tàbí abọ́ irin. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí à ń gbé kaná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọbẹ̀ tó dùn láìsí ẹran

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń padà sẹ́yìn. Wọ́n á yọ ẹran, wọn ò ní í fi nǹkan kan dípò rẹ̀, ọbẹ̀ á tẹ́, wọ́n á wá bu Mágì mẹ́rin sí i. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe nínú ọbẹ̀. Mẹ́ta ni: ó ń fún un ládùn, ó ń fún un ní ọ̀rá, ó sì ń fún eyín níṣẹ́.

Adùn: irú. Irú wóró fún ẹ̀fọ́, irú pẹ̀tẹ̀ fún ewédú. Ẹ má bù ú bí ẹni ń tọrọ, ẹ̀kúnwọ́ kan. Olú gbígbẹ tí ẹ gún lẹ́lẹ́ dára pẹ̀lú. Ata tí ẹ dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ pátápátá náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ wa kì í ní sùúrù fún un, ìdí sì nìyẹn tí ọbẹ̀ wa fi ń kan.

Ọ̀rá: epo pupa níwọ̀nba, ẹ má yọ́ ọ títí tó fi máa funfun, ohun pupa inú rẹ̀ ni ara ń sọ di fítámìn A. Ẹ̀gúsí náà, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá, ó sì tún ní pròtéènì.

Iṣẹ́ eyín: ẹ̀gúsí tí ẹ pò kó le, kó di ìṣù wẹ́wẹ́. Awàrà tí wọ́n fi sóyà ṣe, ẹ gé e, ẹ yan án kó gbẹ lójú. Olú tútù, ìgbá tí ẹ gé ní gbàǹjà-gbàǹjà.

Bí mo ṣe ń ro ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí ti èèyàn mẹ́rin rèé. Mo máa ń gún tàtàṣé mẹ́ta, rodo méjì àti àlùbọ́sà ńlá kan, kó má kúnná. Mo lọ ẹ̀gúsí ife kan, mo fi omi díẹ̀ àti àlùbọ́sà lílọ̀ pò ó títí tó fi dì bí ẹ̀kọ. Mo gbé epo ṣíbí ìjẹun mẹ́rin kaná, iná kékeré, mo da àlùbọ́sà sí i, lẹ́yìn náà irú, kí irú ta sánsán nínú epo. Mo da ata gígún sí i, mo dín in títí epo fi yọ lójú rẹ̀, kì í dín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fi ọwọ́ ṣa ẹ̀gúsí sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dé e, mi ò rò ó. Tí ẹ bá rò ó nísinsìnyí, gbogbo rẹ̀ á di ẹ̀kọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di ìṣù, mo wá rò ó. Ìdì ṣọkọ mẹ́ta tí mo ti já, tí mo ti fọ̀ kí n tó gé e, ló kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó ti tó. Iyọ̀ mi ò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á dà bí ẹni pé nǹkan kan ń dín nínú rẹ̀. Ahọ́n ló ń wá Mágì. Ní tèmi, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ahọ́n tó gbàgbé, báyìí ọbẹ̀ ilé àríyá ń mú òùngbẹ gbẹ mí.

Ẹ má sì gbàgbé àbùlà. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni. Gbogbo ọkùnrin tó ń lérí pé òun ò lè jẹun láìsí ẹran ti ń fi ẹ̀wà jẹ àmàlà láti kékeré, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Ìgbésẹ̀ keje: nísinsìnyí, ẹran

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹran iléeṣẹ́: gálà, sọ́séèjì, kọ́ńbíìfù. Ní ọdún 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fi ẹran iléeṣẹ́ sí ipò kìn-ín-ní, ìyẹn ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Wọ́n ní gíráàmù 50 rẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi nǹkan bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹran pupa lásán, ipò kejì ni wọ́n fi í sí: ó ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹran mọ sí òpin ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà ní Ṣómólú náà nìyẹn. Ẹran tó ń kan ọmọdé ò ju àtàǹpàkò lọ, bàbá ló ń jẹ èyí tó tóbi. Ọlá ọ̀tun ni ẹran mẹ́ta lórí àwo kan.

Àwọn kan á ní pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran. Awọ màlúù ni. Pròtéènì inú rẹ̀ ò pé, nítorí náà ẹ má fi dípò ẹ̀wà, ẹ fi ṣe adùn eyín tó bá wù yín. Ẹja ńkọ́? Ìyẹn kù sọ́wọ́ yín. Èmi ò jẹ ẹja mọ́, mo ń jẹ ẹyin àti wàrà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tí ẹ̀fọ́ ò lè fún yín

Fítámìn B12. Kò sí ewéko tó ṣeé gbára lé fún un, irú pàápàá. Ẹni tó bá ń jẹ ẹyin àti wàrà lè rí díẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ìkankan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa lo oògùn rẹ̀ tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi í sí. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹ lè má mọ̀ pé ó ti ń tán títí tí ẹsẹ̀ á fi máa ṣe yín wínríwínrí.

Áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Ọsàn tàbí tòmátì tútù pẹ̀lú oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́. Tíì ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi wákàtí kan sáàárín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ ṣèlérí ìyanu fún yín. Ìwádìí EPIC-Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ èèyàn tó lé ní 48,000 lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún 18. Èsì rẹ̀ jáde ní 2019: àrùn ọkàn àwọn tí kì í jẹ ẹran fi 22 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń jẹ ẹ́, àmọ́ rọpárọsẹ̀ tiwọn fi 20 lé. Àwọn olùwádìí ronú pé àìtó àwọn èròjà bíi B12 lè wà lára ohun tó fà á.

Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ tó ń fún ọmọ lọ́mú àti ọmọ kékeré, kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó yọ ẹran, ẹyin àti wàrà pátá. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má fi í sílẹ̀ nítorí pé ó ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Kó ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Kíndìnrín tó ti ní àrùn ò gba ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìgbàkugbà, dókítà ló máa sọ ìwọ̀n. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà ní 126/80 nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, oògùn kan ṣoṣo ni mo sì ń lò, kì í ṣe pé mo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: àwọn èèyàn

Ẹ má sọ fún àlejò pé ẹ kì í jẹ ẹran, kí ẹ wá gbé ọbẹ̀ aláìlẹ́ran síwájú rẹ̀. Àbùkù ni. Ẹ se ti àlejò lọ́tọ̀, tàbí kí ẹ pọ́n mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin tó pọ̀ débi pé kò ní í rántí wá ẹran. Níbi àríyá, ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Tí ẹni tó ń pín oúnjẹ bá gbé ìrẹsì ẹlẹ́ran dé, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹni tó jókòó tì yín á gba ẹran náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Ẹ má ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Súrùlérè, títí wọ́n fi jó tán ni wọ́n ń bi mí bóyá mo ti yí ẹ̀sìn padà.

Ìyá ọkọ mi ló pẹ́ jù. Ọdún kan gbáko ló fi ń rọra ti ẹran sábẹ́ ẹ̀fọ́ fún mi, tó ń wò mí. Mi ò jà. Mo kàn ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, mo ń jẹ ẹ̀fọ́ náà tán, mo sì ń bá wọn fọ ìkòkò. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí láti Ẹ̀pẹ́ pé kí n wá, àwọn ti se ìkọ́kọrẹ́. Mo tú u wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: irú wà níbẹ̀, rodo wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹun jàre, mi ò fi nǹkan kan sí i." Ẹja gbígbẹ kan ló wà nísàlẹ̀ pátápátá.